Ọjọ́ rìhásà ni kẹ́ẹ fi yan kílọ́ọ̀bù fún ọmọ yín: ìfiwéra àwọn kílọ́ọ̀bù ilé ìwé ọkùnrin

Tí sáà tuntun bá ti wọlé ní ilé ìwé ọkùnrin, ọ̀sẹ̀ kìíní kì í parí kí wọ́n tó gbé tábìlì síta, kílọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan á lẹ fọ́tò mọ́ pátákó, àwọn ọmọ kíláàsì òkè á máa pariwo pé ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ yín á sì padà sílé lẹ́yìn tó ti kọ orúkọ síbi márùn-ún. Mo mọ bó ṣe ń rí torí mo ti ṣe tíṣà nírú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọdún 11, èmi ni mo sì ń bójú tó ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé àti dìbéètì níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ, àtòbí wọn náà, ọjọ́ ìṣeré ni wọ́n fi ń yan kílọ́ọ̀bù. Wọ́n rí àwọn tó wà lórí ìtàgé lópin ọdún, gbogbo gbọ̀ngàn ń pàtẹ́wọ́, ó wù wọ́n, wọ́n wọ ibẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn láàrin ọdún o. Ọjọ́ rìhásà, ìyẹn ọjọ́ Túsìdeè kan tí òjò ń rọ̀, tó ti rẹ ọmọ, tí ebi ń pa á, tí wọ́n sì ní kó tún ìlà mẹ́ta kan náà sọ nígbà ogún, ọjọ́ yẹn ni kẹ́ẹ fi yàn án.

Ohun tí màá fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà kílọ́ọ̀bù náà fún ìṣẹ́jú 15 lọ́jọ́ tí kò sí àlejò, kẹ́ẹ ka àwọn tó ń ṣe nǹkan, kẹ́ẹ sì ka àwọn tó kàn jókòó tí wọ́n ń wòran. Tí ọmọ 30 bá wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ọmọ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò ní sí lára mẹ́rin yẹn fún bí ọdún kan.

Èkejì, àkókò. Kì í ṣe iye wákàtí nìkan, ẹ wo bó ṣe pín. Òmíràn á gba wákàtí méjì lọ́sẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin, òmíràn ò ní dà yín láàmú fún oṣù mẹ́ta, á wá gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọmọ lọ́sẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú ìṣeré, ìgbà yẹn gan-an ni ìdánwò sì máa ń kanlẹ̀kùn.

Ẹ̀kẹta, owó. Owó ìforúkọsílẹ̀ kọ́ ni mò ń sọ, ìyẹn kì í tó nǹkan. Owó tó sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀ ni kẹ́ẹ béèrè: aṣọ eré, ohun èlò orin, owó ọkọ̀ lọ síbi ìdíje, bátìrì.

Ẹ̀kẹrin, ta ló di kílọ́ọ̀bù náà mú? Tó bá jẹ́ tíṣà kan ṣoṣo ni, tí tíṣà yẹn bá kúrò ńkọ́? Ẹ bi àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n pàdé ní táàmù tó parí. Àwọn ọmọ kì í parọ́ lórí ìyẹn.

Ó tún ku ohun kan tó jẹ́ ti ilé ìwé ọkùnrin gan-an. Torí pé kò sí obìnrin láàrin wọn, ọmọkùnrin náà ló máa ṣe gbogbo ẹ̀, òun ló máa rán aṣọ eré, òun ló máa kun ojú ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, òun ló máa kọ tírébù, ìyẹn ohùn tó ga jù nínú orin. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an ni. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni yẹ̀yẹ́ ti máa ń pọ̀, wọ́n á ní èyí tí ò lè gbá bọ́ọ̀lù ló ń lọ kọrin, ọmọ ọdún 13 á sì torí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán pa ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù tì. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn dá kún un.

Dìbéètì

Òun ló ná èèyàn lówó kéré jù. Àga, yàrá kan, aago, ó ti tó. Àwọn ọmọ kíláàsì òkè sì lè máa darí ẹ̀ fúnra wọn tí tíṣà ò bá ráyè, torí náà kì í tètè kú bíi tàwọn yòókù.

Ìlànà ìdíje dìbéètì tí wọ́n ń pè ní World Schools ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé ń tẹ̀ lé tàbí èyí tó jọ ọ́: ọmọ mẹ́ta ló ń sọ̀rọ̀ níhà kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 8 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú 4 láti fi kádìí ọ̀rọ̀. Tí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ bá ti kọjá títí tó fi máa ku ìṣẹ́jú kan, àwọn alátakò lè dìde láti já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè, ọwọ́ ẹ̀ ló sì wà bóyá kó gbà á tàbí kó ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n máa ń fún wọn ní àwọn kókó kan ṣáájú, àwọn kókó míì sì wà tó jẹ́ pé wákàtí kan péré ni wọ́n ní láti fi múra, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Wákàtí kan yẹn ló dùn mọ́ mi nínú jù. Ọmọ mẹ́ta nínú yàrá, bébà kan láàrin wọn, aago ń lọ. Èyí tó máa ń pariwo jù nínú wọn ló máa kọ́kọ́ dákẹ́ torí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà, èyí tí kì í sọ̀rọ̀ á wá ní iṣẹ́ tí bàbá òun ń ṣe nìyẹn, òun mọ bó ṣe ń lọ, làwọn méjì tó kù bá tẹ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀ tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ wàràwàrà. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kò sú mi rí.

Ìṣòro ẹ̀ ni pé ọmọ mẹ́ta ni ìdíje ń gbà, ogójì ló wà nínú kílọ́ọ̀bù. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ń pín ara wọn sí yàrá mẹ́ta mẹ́rin kí gbogbo wọn lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Tó bá jẹ́ àwọn mẹ́fà kan náà ló ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ tí àwọn tó kù ń pàtẹ́wọ́, ẹ wábòmíì. Ọmọ tó bá gbà pé ẹni tó bá ta ko òun kórìíra òun, ó máa kọ́kọ́ jìyà níbẹ̀, àmọ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ yọ ọ́ kíákíá. Wọ́n máa ń ní kí ọmọ gbèjà ohun tí òun fúnra ẹ̀ ò gbà gbọ́, tó bá ti ṣe ìyẹn bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ ó rí i pé bó ṣe ń bá àbúrò ẹ̀ jiyàn nílé máa yí padà.

Eré orí ìtàgé

Màá pẹ́ díẹ̀ lórí èyí torí òun làwọn òbí máa ń ṣì lóye jù. Wọ́n á ní ọmọ àwọn ò lè ṣe dírámà, ojú máa ń tì í. Eré tí ọmọ mẹ́jọ ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ lè nílò ogún míì tí ò ní sọ nǹkan kan: àwọn oníná, àwọn tó ń gbé àga wọlé gbé e jáde lókùnkùn, àwọn tó ń kan pákó, tó ń kun ún, tó ń rán aṣọ, tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni kan tó jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìwé eré tó máa rán òṣèré létí tó bá gbàgbé.

Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà kan tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo òun lójú. A ní kó máa bójú tó iná. Ó fi bírò pupa kọ gbogbo ibi tí iná ti máa yí padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé eré ẹ̀, 41 ni wọ́n, ó ń fìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lórí ìtàgé, ó fẹnu di tọ́ọ̀ṣì kékeré kan mú kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré fo odindi ojú ìwé kan. Gbogbo àwa tá a wà lẹ́yìn kọ́tìnnì là ń gbọ̀n. Ọmọ yẹn ti ṣí ìwé, ó ti bá wọn débi tí wọ́n dé, iná yí padà lásìkò, àwọn èrò ò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà, àmọ́ kò sí ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ yẹn tí ò mọ̀ pé òun ló gbà wá sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé ọkùnrin ń ṣe ipa obìnrin ńkọ́? Kì í ṣe nǹkan tuntun rárá. Ní Japan, wọ́n lé obìnrin kúrò lórí ìtàgé kabuki, eré ìbílẹ̀ wọn, ní 1629, ọkùnrin ló ń ṣe gbogbo ipa títí dòní. Ní London náà, ọmọdékùnrin ló ń ṣe ipa obìnrin nínú tíátà títí di 1660. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì le ju ipa jagunjagun lọ torí pé ọmọ náà ní láti máa wo bí ẹlòmíì ṣe ń rìn, bó ṣe ń jókòó, bó ṣe ń dákẹ́. Ohun tó yẹ kẹ́ẹ bi tíṣà ni bóyá ó ń jẹ́ kí wọ́n ṣe é bí èèyàn gidi, àbí ó kàn ń lò ó láti fi pa èrò lẹ́rìn-ín. Tó bá jẹ́ ti ẹ̀rín nìkan, ọmọ tó ń ṣe é ló máa ru yẹ̀yẹ́ náà kiri ọgbà lọ́jọ́ kejì.

Owó ẹ̀ wà láàrin méjì. Aṣọ ló ń náni jù, àmọ́ ẹgbẹ́ tó bá ti pẹ́ máa ń ní àpótí aṣọ àtijọ́ tí wọ́n ń tún rán. Nǹkan kan tún wà tí òbí kì í mọ̀: tí òǹkọ̀wé eré bá ṣì wà láyé tàbí tí ò tíì pẹ́ tó kú, ilé ìwé ní láti gbàṣẹ kí wọ́n tó ṣe é fún èrò, àṣẹ yẹn sì lè gba owó. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó di ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹ̀ kí iṣẹ́ náà tó di ti gbogbo ayé. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí ẹgbẹ́ tó ń ṣe eré àtijọ́, tàbí tí àwọn ọmọ ń kọ tiwọn, owó tí wọ́n máa bù lé yín máa dínkù.

Àkókò ni ibi tó ti máa ń dun ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, kò sí ìrọ̀lẹ́, kò sí Sátidé. Ẹ gba ọjọ́ ìṣeré láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹ́ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ ìdánwò, tí méjèèjì bá forí gbárí, ẹ ní kí wọ́n fún un níṣẹ́ tó máa parí ṣáájú, bíi kíkan pákó.

Kọ́ọ̀yà

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ la fi ń wò ó, kọ́ọ̀yà ló gba ipò kìíní, kò sẹ́ni tó ń jókòó wòran níbẹ̀, gbogbo ẹnu ló ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀. Owó ẹ̀ ò pọ̀, aṣọ kan àti ìwé orin. Wọ́n máa ń pàdé bó ṣe yẹ torí pé orin ò ṣeé kọ́ lọ́jọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ ohùn ni kókó níbẹ̀. Láti bí ọdún 12 lọ sí 15, àwọn kan á ṣáájú, àwọn kan á pẹ́, gògóńgò ọmọkùnrin á tóbi, tán-án-ná á gùn, á sì nípọn, ohùn á wá ki títí tó fi máa wálẹ̀ tó nǹkan bí ọ́kítéèfù kan, ìyẹn láti dò òkè dé dò ìsàlẹ̀. Kì í rọra wálẹ̀ bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn o. Ọmọ tó kọ orin kan láàárọ̀ tó já geere, á ṣí ẹnu nírọ̀lẹ́, ohùn á yọ́ lọ, méjì á jáde pọ̀, ojú á sì tì í débi pé ó lè má padà wá.

Ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kẹ́ẹ bi tíṣà orin nìyí: kí lẹ máa ń ṣe fún ọmọ tí ohùn ẹ̀ ń yí? Tó bá ní wọ́n á ní kó lọ sinmi títí ohùn á fi dúró, tàbí kó kàn máa ya ẹnu láìkọrin, ẹ má forúkọ sílẹ̀. Tíṣà tó mọṣẹ́ á sọ fún yín pé òun máa ń yẹ ohùn wọn wò látìgbàdégbà, òun máa ń gbé wọn láti tírébù sí áàtò tó wálẹ̀ díẹ̀, láti áàtò sí tẹ́nọ̀ tàbí báàsì tó jẹ́ ohùn àgbà ọkùnrin, nígbà míì òun máa ń kọ ìlà tuntun fún ọmọ tí ò lè kọ ju nóòtì márùn-ún mẹ́fà lọ lásìkò yẹn. Nílé ìwé ọkùnrin, gbogbo ọmọ tó wà nínú kọ́ọ̀yà ló máa gba ibẹ̀ kọjá, torí náà kò sí àwáwí fún tíṣà tí ò bá múra sílẹ̀ fún un.

Báńdì

Òun ló wọ́n jù tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa ra ohun èlò, torí náà ẹ má rà á. Ẹ béèrè iye fèrè àti ìlù tí ilé ìwé ní, ẹ sì béèrè iye tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, ìdáhùn méjèèjì kì í bára mu. Ọmọ tí wọ́n bá fi wáyà sí léyín máa jìyà tó bá mú trumpet torí ẹnu ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ lórí ìlù. Gbogbo wọn ló máa fẹ́ lu ìlù ṣá o, ibẹ̀ sì ni ìjà máa ń ti wá.

Sùúrù ló ń gbà. Ní oṣù méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ohùn kan gbọọrọ lọ́mọ á máa fun, ilé á gbọ́, àdúgbò á gbọ́. Ọmọ tó ń fi ogún ìṣẹ́jú ṣe é lójúmọ́ máa yára ju èyí tó ń fi wákàtí mẹ́ta ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ. Ohun míì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé báńdì kì í sinmi, gbogbo ayẹyẹ ilé ìwé ni wọ́n ń pè wọ́n sí, ọjọ́ eré ìdárayá, ọjọ́ àwọn tó ń jáde, ọjọ́ tí àlejò bá dé.

Chess

Kì í ṣe ohun tí òbí máa wá wò, kò sí kọ́tìnnì, kò sí àtẹ́wọ́, síbẹ̀ tí wọ́n bá ní kí n sọ èyí tó dúró ṣinṣin jù nínú gbogbo wọn, òun ni. Ọmọ méjì, pátákó kan, ọmọ méjì míì, pátákó kan, gbogbo wọn ló ń ta á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tíṣà ò tiẹ̀ ní láti mọ̀ ọ́n ju àwọn ọmọ lọ. Nílé, Lichess tí wọ́n fi ń ta chess wà lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni pátápátá. Ìdíje kéékèèké kì í gbà ju Sátidé kan lọ.

Òfin kan wà níbẹ̀ tí mo rò pé ó ṣe ọmọkùnrin láǹfààní ju ìmọ̀ràn lọ: tó o bá ti fọwọ́ kan ọmọ ayò kan láti gbé e, òun náà lo máa gbé. Mo ti rí ọmọ tó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan ẹ̀ kó má bàa sáré fọwọ́ kàn án. Àléébù ẹ̀ ni pé ọmọ tó ti máa ń dá wà tẹ́lẹ̀ lè rí i fi sá pamọ́. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ló ń wá, chess nìkan ò ní tó o.

Rọ́bọ́ọ̀tì

Òun làwọn òbí ń béèrè jù báyìí, òun náà sì ni kẹ́ẹ yẹ̀ wò fínnífínní jù. Nínú ìdíje FIRST LEGO League, ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ni rọ́bọ́ọ̀tì ní láti ṣe gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ lórí tábìlì, ọmọ tó wà nínú ẹgbẹ́ kan ò sì gbọ́dọ̀ ju mẹ́wàá lọ, oṣù mélòó kan sì ni wọ́n máa fi múra sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ yẹn. Kíìtì wọ́n. LEGO ti dá Mindstorms, kíìtì rọ́bọ́ọ̀tì wọn, dúró láti òpin 2022, torí náà ilé ìwé tó bá ṣì ń lò ó, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń rí ẹ̀yà ara ẹ̀ tó bá bàjẹ́. Àwọn tó ń lo Arduino, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń so wáyà mọ́, máa ń náwó kéré sí i, àmọ́ tíṣà tó mọ wáyà ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Àwa náà ní rọ́bọ́ọ̀tì nílé ìwé tí mo wà. Tíṣà tó ń bójú tó o yí ibi iṣẹ́ padà, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ ẹ̀, odindi táàmù kan ni kíìtì fi wà ní títìpa, àwọn ọmọ tí wọ́n ti sanwó ń wá jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wọ́n ń ya rọ́bọ́ọ̀tì sínú ìwé. Ó dùn mí gan-an, ó ṣì ń dùn mí. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé kẹ́ẹ béèrè èèyàn méjì tó ní kọ́kọ́rọ́. Kẹ́ẹ tún ka iye ọmọ tó wà lórí rọ́bọ́ọ̀tì kan, mẹ́ta mẹ́rin dáa, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ kan á máa di kọ̀ǹpútà mú, àwọn tó kù á máa wo ẹ̀yìn orí ẹ̀.

Àwọn tó kù

Sikáótù dáa fún ọmọ tí ara ẹ̀ ò lè jókòó, àtìgbà tí Baden-Powell tó dá a sílẹ̀ ti kó nǹkan bí ogún ọmọkùnrin lọ pàgọ́ sí erékùṣù Brownsea ní 1907 ni wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ìdè okùn àti ìdáná, àmọ́ ìpàgọ́ ń gba òpin ọ̀sẹ̀, ó sì ń gba owó. Ẹgbẹ́ Red Cross ò gbówó lórí, ọmọ á mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn ẹ̀ dúró, ní ìwọ̀n 100 sí 120 láàrin ìṣẹ́jú kan, ìmọ̀ yẹn ò ní kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ láéláé tó bá ń ṣe é léraléra. Ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn, ẹ wo bóyá wọ́n gbé nǹkan jáde lọ́dún tó kọjá. Tí wọn ò bá gbé e jáde, ìpàdé lásán ni.

Ta ni kó wọ èwo?

Ọmọ tó ń jiyàn nílé látàárọ̀ dalẹ́, tí owó ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí, dìbéètì. Ọmọ tójú ń tì tó sì fẹ́ wà láàrin èèyàn, ẹ gbé e lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì nínú dírámà, ẹ má tì í sí iwájú, tó bá fẹ́ bọ́ síwájú á sọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sílé ìwé tí ò mọ ẹnì kankan, kọ́ọ̀yà, torí ọ̀sẹ̀ kìíní náà ló máa ti dúró láàrin ọmọ méjì tó mọ orúkọ ẹ̀. Ọmọ tó wà ní ọdún ìdánwò tó gbẹ̀yìn, chess, tàbí kó dúró sínú kọ́ọ̀yà tó ti wà tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ń kọ́ trumpet nìyẹn. Ọmọ tó ń tú gbogbo nǹkan nílé, rọ́bọ́ọ̀tì, tí kọ́kọ́rọ́ méjì bá wà. Tí ò bá sí, àwọn tó ń kan pákó fún dírámà ń wá irú ẹ̀ lójú méjèèjì, wọ́n ní ìṣó, wọ́n ní ayùn, wọ́n ní wáyà iná.

Méjì ni kó pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan tó ń gba àkókò àti ọ̀kan tí kì í gbà á. Kẹ́ ẹ tó ra aṣọ tàbí ohun èlò kankan, ẹ jẹ́ kó lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ná, kẹ́ẹ má bi í pé ṣé ó gbádùn ẹ̀, torí á kàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi í pé kí lo fọwọ́ ẹ ṣe lónìí. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé tí ò tíì rí nǹkan kan sọ, kó lọ bá tíṣà náà fúnra ẹ̀ pé òun fẹ́ gbìyànjú ibòmíì, kí tábìlì kejì tó kọ orúkọ sí ṣì lè gbà á.